Ilẹ̀ odò ń jìn lẹ́yìn ilé yín? Ẹ má tíì ra búlọ́ọ̀kù

"Ògiri etí odò wa tún ti wó. Búlọ́ọ̀kù mélòó ni ká rà?" Láti ìgbà tí òjò ti ń rọ̀ gidi ní Ògbómọ̀ṣọ́, mi ò lè ka iye ẹni tó ti bi mí ní ìbéèrè yìí. Ẹnì kan tiẹ̀ ti san àsansílẹ̀ fún bíríkìlà kó tó pè mí. Èsì kan náà ni mo ń fún gbogbo yín: ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ògiri yẹn kọ́ ni ìṣòro. Ilẹ̀ odò tó wà nídìí rẹ̀ ni omi ń gbẹ́ lọ sísàlẹ̀, ìdí ògiri ti ṣófo kẹ́ ẹ tó mọ̀. Tẹ́ ẹ bá mọ òmíràn síbẹ̀, ihò kan náà ló máa gbé e mì.

Odò kéékèèké tí ọwọ́ èèyàn ti kàn ni mò ń sọ: èyí tí katapílà ti nà tọ́, tí wọ́n tẹ́ kọnkéré sí nísàlẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń gba inú kọ́fátì (pọ́ìpù tàbí ihò tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ títì) kọjá láàárín àdúgbò. Bó bá jẹ́ odò Ọbà gan-an tàbí afárá títì ńlá ni tiyín, ẹ fò lọ sí apá "Ibi tí ọwọ́ yín ò tó".

## Ìdí tó fi ń jìn

Mi ò ní pẹ́ níbí. Odò tó ń rìn wọ́kọwọ̀kọ ní ọ̀nà gígùn tó fi ń rọra sọ̀ kalẹ̀. Ẹ nà án tọ́, ọ̀nà kúrú, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ le sí i, omi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Kọnkéré ń dán, kò sí koríko tàbí òkúta tó máa fà á sẹ́yìn, nítorí náà ibi tí kọnkéré bá parí sí ni omi ti máa ń bínú. Ẹ wá fi fẹ́ǹsì àwọn tó kọ́lé wọnú odò kún un. Omi tí wọ́n bá fún mọ́ra ní ẹ̀gbẹ́, ìsàlẹ̀ ló máa wá àyè lọ.

Ilẹ̀ tiwa náà ní tiẹ̀. Yangí ló bo òkè rẹ̀ níbi púpọ̀, ó le, èèyàn á rò pé kò séwu. Abẹ́ yangí yẹn ńkọ́? Yẹ̀pẹ̀ rírọ̀ ni. Omi lè máa họ yangí fún ọ̀pọ̀ ọdún láìrí nǹkan ṣe, àmọ́ ọjọ́ tó bá lu ú já, eré ló máa bá a lọ láti ọjọ́ yẹn.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tí ẹ ní

Ọjọ́ tí òjò ò rọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ wọ bàtà rọ́bà, ẹ mú ọ̀pá irin kan dání. Ẹ rìn láti ẹnu kọ́fátì lọ sísàlẹ̀ odò, ó kéré tán mítà 100, kẹ́ ẹ padà rìn lọ sókè. Ohun mẹ́rin lẹ ń wá:

- Ihò ojú kan. Ihò jíjìn wà ní ẹnu kọ́fátì tàbí níbi tí kọnkéré parí sí, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rìn kọjá ibẹ̀ díẹ̀, ilẹ̀ odò wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Èyí ló rọrùn jù.
- Àtẹ̀gùn tó ń rìn. Ilẹ̀ odò já wálẹ̀ lójijì, omi ń dà láti orí rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń da omi láti inú garawa. Ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò ibi tó wà lọ́dún tó kọjá, ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa nawọ́ sí. Òkè ló ń lọ, bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín.
- Gbogbo ilẹ̀ odò ń lọ sílẹ̀. Gbòǹgbò igi rọ̀ sílẹ̀ ní etí méjèèjì. Ìdí píláà ní àwọ̀ méjì: òkè ti dúdú, ìsàlẹ̀ ṣì funfun bíi pé àná ni wọ́n dà á. Pọ́ìpù omi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nígbà kan ti wà lófuurufú, ewúrẹ́ ń gba orí rẹ̀ sọdá.
- Kọnkéré tó ṣófo lábẹ́. Ẹ máa fi ọ̀pá irin kan kọnkéré bẹ́ ẹ ṣe ń lọ. Ibi tó bá dún "kó, kó" dára. Ibi tó bá dún bí ìlù, kò sí nǹkan lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ má dúró lé e.

Ẹ lè rí méjì pa pọ̀. Ti kọnkéré tó ṣófo yìí, kì í sábà dá wá. Ihò ẹnu kọ́fátì ni bàbá rẹ̀.

Ìkìlọ̀: Tí òjò bá ṣú lápá òkè odò, ẹ má bọ́ sínú rẹ̀, kódà kí oòrùn máa ràn lọ́dọ̀ yín. Ẹ má dúró sábẹ́ etí odò tí ìdí rẹ̀ ti jẹ, tí orí rẹ̀ yọ síta. Yẹ̀pẹ̀ tútù tó máa kún bárò mélòó kan ti tó pa èèyàn. Ẹ má mú ọmọdé lọ.

## Ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó náwó

1. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ yá họ́ọ̀sì funfun tí àwọn bíríkìlà ń rọ omi sí láti fi wá lẹ́fẹ̀lì. Ẹ fi wọn iye tí ilẹ̀ odò fi lọ sílẹ̀ láàárín mítà 100. Họ́ọ̀sì ò ní gùn tó, nítorí náà ẹ máa wọ̀n ọ́n ní mítà 10, mítà 10, kẹ́ ẹ wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ fo ihò, ẹ má wọn inú rẹ̀.
2. Ibi tí omi gùn dé. Ọ̀rá piọ́ wọ́tà tó kọ́ sórí fẹ́ǹsì àti ẹ̀ka igi ló máa sọ fún yín. Ẹ fi ọ̀dà sàmì sí èyí tó ga jù.
3. Bí omi ṣe ń sáré tó. Ẹ ra ọsàn mẹ́wàá. Márùn-ún lẹ máa lò, àwọn tó bá yín lọ máa jẹ ìyókù. Tí òjò ńlá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí odò ṣì kún, ẹ dúró sókè ní etí tó le, ẹ ju ọsàn sí àárín odò, kí ẹnì kan fi fóònù ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó fi rin mítà 10. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ mú èyí tó yára jù. Ẹ pín mítà 10 yẹn sí iye ìṣẹ́jú àáyá, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.85, nítorí pé ojú omi máa ń sáré ju inú rẹ̀ lọ. Ọsàn tó rin mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá 4, ìyára odò yẹn jẹ́ mítà 2.1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọsàn ló dára jù torí pé púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń rì sínú omi, afẹ́fẹ́ ò lè tì í. Ike òfìfo, afẹ́fẹ́ ló ń wà á.
4. Ọ̀pá àmì. Ẹ gbá irin tó gùn tó mítà 1.5 mọ́ ilẹ̀ odò, kó ku sẹ̀ǹtímítà 30 lókè, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ gbá a sínú ìwé. Lóṣooṣù, ẹ wọn èyí tó yọ. Ẹ ti orí rẹ̀ bọ inú rọ́bà kó má gún ẹnikẹ́ni, kẹ́ ẹ sì fi síbi tí ojú àwọn tó ń ṣa irin ò ní tètè tó.

## Òkúta wo ló máa dúró?

Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù. Ẹ fi èyí sọ́kàn: tí ìyára omi bá di ìlọ́po méjì, fífẹ̀ òkúta gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Níbi tí omi ti ń rú gan-an, bí ẹnu kọ́fátì, ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí:

- Omi tó ń sá mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan: òkúta tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 17, bíi kílò 7. Ẹnì kan á gbé e.
- Mítà 3: sẹ̀ǹtímítà 38, ó lé ní kílò 70. Ọkùnrin méjì ni, wọ́n á sì tún lo oògùn ara ríro lálẹ́.
- Mítà 4: sẹ̀ǹtímítà 67, ó lé ní kílò 400. Katapílà ló ń gbé èyí, ẹnjiníà ló sì yẹ kó sọ ibi tó máa gbé e sí.

Tí tiyín bá bọ́ sí àárín méjì, ẹ mú èyí tó tóbi jù. Ẹ wá ro ó wò: típà òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n máa ń dà sẹ́nu kọ́fátì ní oṣù karùn-ún, níbo ló ń wà tó bá di oṣù kẹsàn-án?

Òkúta àpáta ni kẹ́ ẹ lọ rà níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, èyí tó rí pàlàpálà tó ní igun, kì í ṣe roboto. Igun yẹn ló ń mú kí wọ́n di ara wọn mú. Ẹ ní kí wọ́n da ńlá àti kékeré pọ̀ fún yín, kékeré á dí àlàfo àárín ńlá. Yangí ò sí nínú rẹ̀ o. Ó máa ń le lọ́wọ́ nígbà tó bá gbẹ, àmọ́ bí omi bá ń lù ú lọ́dún lọ́dún, rírún ló ń rún.

## Bẹ́ ẹ ṣe máa tún un ṣe

Láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kẹta ni iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fi àìrọ̀ òjò oṣù kẹjọ ṣe é, ẹ bi í bóyá ó ti bá òjò oṣù kẹsàn-án sọ̀rọ̀.

Ihò ẹnu kọ́fátì

1. Ẹ fi àpò yanrìn dí omi, kẹ́ ẹ yà á gba ẹ̀gbẹ́ kan. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo gbà kí àpò yanrìn ṣe nìyí.
2. Ẹ má dí ihò náà dọ́gba. Ẹ tún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe kó rí bí abọ́ tó tẹ́jú. Omi tó bá bọ́ sínú abọ́ máa ń rú síbẹ̀, á fi agbára rẹ̀ sílẹ̀ kó tó jáde.
3. Tí abẹ́ etí kọnkéré bá ti ṣófo, ẹ gbẹ́ kòtò gba iwájú rẹ̀ dé ibi tí ilẹ̀ ti le, ó kéré tán mítà kan, ẹ da kọnkéré sí i bí ògiri tó dúró sínú ilẹ̀, kẹ́ ẹ sì dí ibi tó ṣófo lẹ́yìn rẹ̀. Láìsí ògiri yìí, omi á tún padà wọlé sábẹ́.
4. Ẹ tẹ́ aṣọ tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ títì sínú abọ́ náà. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ da yanrìn sẹ̀ǹtímítà 15, kẹ́ ẹ da gíránáìtì wẹ́wẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15 lé e. Ohun tí èyí ń ṣe ni pé omi á kọjá, yẹ̀pẹ̀ ò ní lè bá a jáde. Ẹ má fò ó. Òkúta tí wọ́n tò sórí yẹ̀pẹ̀ lásán máa ń rì díẹ̀díẹ̀ ni, èèyàn á rò pé wọ́n jí i.
5. Ẹ to òkúta, kó nípọn tó ìlọ́po méjì fífẹ̀ òkúta kan. Tòtò ni o, kì í ṣe pé kí típà kàn dà á sílẹ̀ kó máa lọ.
6. Kí òkúta gùn dé ìlọ́po mẹ́rin sí mẹ́fà fífẹ̀ pọ́ìpù kọ́fátì. Pọ́ìpù tó fẹ̀ tó mítà kan, òkúta tó gùn tó mítà 4 sí 6.
7. Níbi tí òkúta parí sí, ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn tó mítà kan ní ìbú odò, ẹ kó òkúta kún un. Bí ilẹ̀ bá tún jìn lọ́jọ́ iwájú, òkúta inú kòtò á já sílẹ̀ bo ibẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àtẹ̀gùn tó ń rìn

Ẹ ti èèkàn mọ́ etí odò ní ìdojúkọ rẹ̀ lónìí kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe ń yára tó. Bí ó bá ga kò ju mítà kan lọ, ẹ gé e wálẹ̀ kó di gẹ̀rẹ́: fún gíga mítà kan, gẹ̀rẹ́ náà gbọ́dọ̀ gùn tó mítà 10, bó bá tó 20 ó tún dára jù. Lẹ́yìn náà, aṣọ abẹ́ títì, òkúta, àti kòtò ìdí bí ti òkè yìí. Àárín gẹ̀rẹ́ náà ni kó jìn ju ẹ̀gbẹ́ lọ kí omi má baà yà. Ẹja kéékèèké náà lè gba orí rẹ̀ gòkè, ohun tí wọn ò lè ṣe lórí ògiri tó dúró gangan.

Nígbà tí gbogbo ilẹ̀ odò bá ń lọ sílẹ̀

Ìdènà kúkúrú lẹ máa ṣe, ọ̀pọ̀ rẹ̀, ní ìbú odò. Omi á máa sọ̀ kalẹ̀ lórí wọn ní ìpele ìpele, yanrìn á kún ẹ̀yìn ìkọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ odò á sì dúró.

1. Ẹ wá ibi tó dájú nísàlẹ̀: àpáta tó yọ, tàbí kọ́fátì tí ìdí rẹ̀ ò mì. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa gòkè bọ̀. Bí ti ìsàlẹ̀ bá wó, gbogbo ti òkè ló máa tẹ̀ lé e.
2. Ẹ wọn àlàfo. Òfin rẹ̀ ni pé orí èyí tó wà nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ìdí èyí tó wà lókè dọ́gba. Bí odò bá lọ sílẹ̀ ní mítà 3 láàárín mítà 100, tí ìdènà yín sì ga tó sẹ̀ǹtímítà 60, mítà 20 ló máa wà láàárín wọn.
3. Ìdènà kankan ò gbọ́dọ̀ ga ju mítà kan lọ láìsí ẹnjiníà.
4. Àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ju apá méjèèjì lọ, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 30. Èyí tí orí rẹ̀ bá tẹ́jú, ẹ̀gbẹ́ lomi máa gbà, odò á wá gbé ilẹ̀ aládùúgbò yín.
5. Ẹ ti apá méjèèjì wọnú etí odò, mítà kan lọ́tùn-ún, mítà kan lósì. Ẹ to òkúta sí iwájú rẹ̀ níbi tí omi ti ń já bọ́.

Àpótí waya tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní gabion dára fún ìdènà yìí, nítorí òkúta tó kéré lẹ lè lò nínú rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ gùn ní mítà 2, ó fẹ̀ ní mítà 1, ó ga ní mítà 1. Òkúta sẹ̀ǹtímítà 10 sí 20 ló ń gbà, nítorí ojú waya rẹ̀ kéré ju ìyẹn lọ. Nígbà tẹ́ ẹ bá kún un dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ ta waya láti ojú iwájú dé ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ tún ta á ní ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí ikùn rẹ̀ má baà yọ. Ẹ má lo waya tí wọ́n fi ń di irin kọnkéré láti fi ran án, ìpẹtà á jẹ ẹ́ tán.

## Àṣìṣe tí mo ń rí jù

Kọnkéré lásán. Èmi náà wà níbẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ lańlọ́ọ̀dù wa ṣe é. A dáwó, a ra àpò sìmẹ́ńtì 40, a tẹ́ ẹnu kọ́fátì dán bí pálọ̀. Kò sí ògiri ìdí, kò sí òkúta níwájú. Gbogbo wa ya fọ́tò. Ní oṣù kẹsàn-án, mo fi ọ̀pá kàn án, ó dún bí gángan. Ní oṣù kẹwàá ó ṣẹ́ sí méjì, èyí tó tóbi nínú rẹ̀ sì dá odò dúró, omi wọ ilé mẹ́ta. A kàn gbé ihò náà síwájú ni, ní mítà 8, a sì san owó lé e lórí.

Pàǹtí àti àwókù ilé. Omi á gbé e lọ dí kọ́fátì tó kàn.

Kíkó yanrìn. Típà tó ń gba ìsàlẹ̀ odò wọlé láàárọ̀ kùtù ń gbẹ́ ilẹ̀ yín lọ ni. Ihò tí wọ́n bá gbẹ́ nísàlẹ̀ máa ń di àtẹ̀gùn tó ń rìn, òkè ló sì ń bọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ lańlọ́ọ̀dù ń gbowó lọ́wọ́ wọn. Ẹ jókòó sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó dáwó òkúta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ kàn ń bọ́ típà ni.

Gígé igi etí odò. Ẹ fi sílẹ̀, àyàfi èyí tó ti ṣubú dí omi. Ọparun tó ti wà níbẹ̀, ẹ má hú u. Àmọ́ ẹ má gbin tuntun sítòsí ògiri.

## Bí owó ò bá tó

Bí ilẹ̀ bá ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ́, ẹ fún omi láyè kó fẹ̀. Omi tó fẹ̀ kò jìn, kò sì lágbára tó bẹ́ẹ̀. Èyí kò wọ́n, wàhálà onílẹ̀ ló wọ́n.

Ẹ dín omi tó ń wọ odò kù: táńkì lábẹ́ òrùlé, àgbàlá tí ẹ ò tẹ́ kọnkéré sí tán, kòtò tí omi á rì sí.

Ẹ gbin koríko vetiver sí etí odò ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ní ìlà tó gba ìbú gẹ̀rẹ́ etí náà, sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 láàárín gbòǹgbò kan sí èkejì. Gbòǹgbò rẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀ gan-an. Àmọ́ etí odò ni koríko ń tọ́jú. Kò lè gba ilẹ̀ odò tó ń jìn là, ìyẹn iṣẹ́ òkúta.

Ọ̀nà mìíràn wà tó ń pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́. Dáàmù máa ń dá yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ dúró sẹ́yìn, omi tó jáde nísàlẹ̀ rẹ̀ kò rí nǹkan gbé, ó wá ń gbé ilẹ̀ odò fúnra rẹ̀. Ní Jámánì, nísàlẹ̀ dáàmù Iffezheim lórí odò Rhine, láti 1978 ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi da òkúta wẹ́wẹ́ sínú odò kí omi lè rí nǹkan gbé. Tiwa ni pé bẹ́ ẹ bá kó yanrìn kúrò lẹ́yìn kọ́fátì tó dí, ẹ dà á padà sísàlẹ̀ kọ́fátì náà. Ẹ má tà á.

## Ibi tí ọwọ́ yín ò tó

Ẹ dúró, kẹ́ ẹ pe àwọn tó mọ̀ ọ́n, bí:

- àtẹ̀gùn náà bá ga ju mítà kan lọ;
- ó bá ti sún mọ́ ìpìlẹ̀ ilé, òpó iná, pọ́ìpù omi tàbí afárá;
- omi bá ń sá ju mítà 3 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ìjọba ìbílẹ̀ yín lẹ máa kọ́kọ́ kọ̀wé sí, kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká ní Agodi, Ìbàdàn. Fún odò ńlá, àwọn tó ń rí sí agbami odò Ògùn àti Ọ̀ṣun wà ní Abẹ́òkúta. Kódà iṣẹ́ kékeré tẹ́ ẹ fẹ́ fi ọwọ́ ara yín ṣe, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bọ́ sínú odò. Ẹ tún lè lọ bá ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ìkọ́lé ní LAUTECH kí wọ́n bá yín wo ìwọ̀n yín.

Ẹ mú nǹkan wọ̀nyí dání, torí lẹ́tà tó kàn ń sunkún lásán máa ń sùn sórí tábìlì:

- fọ́tò ojú kan náà láti oṣù sí oṣù, kí igi rúlà wà nínú rẹ̀;
- ìwọ̀n ọ̀pá àmì pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀;
- ìyára omi àti ibi tó gùn dé;
- iye ilé tó wà ní mítà 20 sí etí odò.

## Lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́

Ẹ padà lọ wò ó láàárín ọjọ́ méjì. Òkúta mélòó kan á ti ṣí kúrò, kò burú, ẹ tò ó padà. Ẹ wo apá méjèèjì ìdènà bóyá omi ti ń yọ́ gba ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ihò tó gba ìkúùkù bá wà níbẹ̀, ẹ dí i lọ́jọ́ náà. Ẹ kan kọnkéré. Ẹ wọn ọ̀pá àmì. Bí ó bá ti yọ ju sẹ̀ǹtímítà 30 tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lọ, ẹ rìn lọ sísàlẹ̀ odò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun: àtẹ̀gùn míì ti ń bọ̀ láti ibẹ̀, tàbí típà ti padà wá.